Kòkó Nínú Ọyẹ́ Kado

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Nọ̀fẹ́ńbà 2017

Bàbá ti gbin kòkó sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Kado, ní Abuja. Mo rò pé eré ni lóṣù tó kọjá, nígbà tó gbé wọn ti Ìṣẹ̀ wá nínú agbọ̀n, tó gbé agbọ̀n náà lé itan láti Èkìtì títí dé Abuja bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Méje ni wọ́n, kò sí èyí tó ga ju orúnkún lọ. Láàárọ̀ yìí ó kọ ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó gbìn wọ́n, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí wọn, ó wá fa àga rọ́bà, ó jókòó tì wọ́n.

Mo ní, "Bàbá, kòkó kì í gbé Abuja. Ọyẹ́ ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ ilé."

Ó ní, "Èmi ńkọ́? Ṣé èmi náà ń gbé Abuja tẹ́lẹ̀ ni?"

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ló sọ èyí tó sọ, lójú èmi àti ọkọ mi, tí Paul àbúrò mi sì wà lórí fóònù láti Ìbàdàn. "Bí kòkó yìí bá la ọyẹ́ já, èmi náà á jókòó tì yín. Bó bá kú, kí ẹ dá mi padà sí Ìṣẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì bá mi jiyàn."

Paul rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ta ló kù ní Ìṣẹ̀? Láti ìgbà tí Màmá ti lọ, ilé ṣófo. Nígbà tí Bàbá ṣubú lóko nínú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ilẹ̀ ló wà láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi rọ̀, kí ọlọ́kadà kan tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tún wà níbẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni màá dá padà nítorí igi?

Ó dáa. Èmi tí mo ka ìmọ̀ ewéko ní yunifásítì, tó wá jẹ́ pé fáìlì ni mò ń gbé kiri ní ọ́fíìsì ní Wuse, mo ti rí iṣẹ́ ṣe. Kòkó yìí ò ní kú.

Ọjọ́ Ajé, 27 Nọ̀fẹ́ńbà

Ọyẹ́ dé lálẹ́ àná. Bí mo ṣe jí, ètè mi ti là, eruku ti bo fèrèsé, a ò rí òrùlé ilé kejì dáadáa. Mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Ewé kòkó ti ń sorí kọ́. Bàbá ń da omi sí i, korobá lé korobá.

"Bàbá, ẹ dá omi yẹn dúró. Omi wà nídìí wọn. Afẹ́fẹ́ ló ń fà á jáde lára ewé."

"Ewé tí kò lójú ihò?"

Mo já ewé kan, mo yí i dé. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹnu kéékèèké kún abẹ́ ewé, ojú lásán ò lè rí i. Ẹnu kọ̀ọ̀kan ní ètè méjì. Bí omi bá kún ètè náà, wọ́n á wú, ẹnu á là. Bí omi bá dín, ètè á rọ, ẹnu á pa dé. Ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde lọ, bí atẹ́gùn bá sì ṣe gbẹ tó ni yóò ṣe máa fà á tó.

Ó ní, "Kí wọ́n yáa pa ẹnu dé títí ọyẹ́ á fi lọ."

"Ẹnu yẹn náà ni wọ́n fi ń gba afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń se oúnjẹ. Bí wọ́n bá pa á dé jù, ebi ni yóò pa wọ́n."

"Ẹ̀yin alákọ̀wé," ló sọ, ó sì tún da korobá kan sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Dìsẹ́ńbà

Kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo fi ọ̀rá funfun bo ẹ̀ka kan, mo so ẹnu rẹ̀ pinpin. Nígbà tí mo dé, omi ti ṣẹ́ sínú ọ̀rá náà, ó ń kán. Mo pe Bàbá. Ó tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́.

"Ó ń làágùn," ló sọ. "Nínú òtútù yìí, ó ń làágùn."

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé lónìí, Bàbá gbà fún mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Dìsẹ́ńbà

Mo lọ sọ́jà Utako, mo ra nẹ́ẹ̀tì dúdú tí àwọn olódòdó fi ń ṣíji bo ọ̀gbìn. Wọ́n ti fowó lé e. Ọlọ́jà ní dọ́là ló fà á. Nẹ́ẹ̀tì! Ọkọ mi ri òpó mẹ́rin, a ta á lé wọn. Mo bẹ Àlímátù, ará Kàbà tó ń ta ẹja ní ọjà Kado, tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín ilé àwa méjèèjì, ó fún mi ní àpò ìdọ̀họ. Mo rẹ wọ́n sómi, mo fi wọ́n kọ́ yí ká, kí atẹ́gùn tó máa kan ewé lè ní ọ̀rinrin díẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ewé ti dìde. Mo jó níwájú kòkó bí wèrè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Dìsẹ́ńbà

Ewé tún ti rọ. Kò yé mi.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Dìsẹ́ńbà

Lánàá àti lónìí, ewé dúró ṣánṣán. Mo dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá ò bá wa lọ, ó ní òun ò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń kọrin níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 13 Dìsẹ́ńbà

Ó tún rọ! Nẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, àpò tutù, ilẹ̀ tutù. Kí ló kù? Bí mo ṣe ń fi fasilíìnì pa ètè níwájú dígí ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn. Bí ohun tó wà lábẹ́ ewé bá jẹ́ ẹnu, tí omi sì ń bọ́ lẹ́nu, kí n dí i. Mo mú kòkó méjì, mo fi fasilíìnì pa abẹ́ ewé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àfi bíi pé mò ń pa ara fún ọmọ ọwọ́. Bàbá dúró, ó ń wò mí.

Ọjọ́ Ajé, 18 Dìsẹ́ńbà

Àwọn méjèèjì ti kú. Etí ewé wọn kọ́kọ́ pọ́n, ó di àwọ̀ tábà, ó wá jó wọ àárín. Mo mọ ìdí rẹ̀, ohun tó ń bí mi nínú náà nìyẹn. Ewé tó ń làágùn ń fi òógùn tu ara rẹ̀ lára ni. Èmi dí òógùn, èmi dí èémí, mo wá fi í sílẹ̀ nínú ooru ọ̀sán. Wọ́n kọ́ mi ní èyí ní yunifásítì, mo sì yege nínú rẹ̀!

Ọkọ mi ní, "A á máa sọ fáwọn èèyàn pé fasilíìnì lo fi pa wọ́n." N ò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi sùn.

Bàbá fà wọ́n tu pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gbé wọn ti ògiri, kò jẹ́ kí a da wọ́n nù.

Ọjọ́bọ̀, 21 Dìsẹ́ńbà

Mo ti mọ ọ̀tá mi. Jẹnẹrétọ̀ Àlímátù! Ẹ̀yìn ògiri gan-an ló gbé e sí, ó ń tan án fún fíríìsà ẹja, èéfín gbígbóná rẹ̀ sì ń fẹ́ wọ ọ̀dọ̀ wa. Mo lọ bá a.

"Àlímátù, o ń fi èéfín pa igi Bàbá mi."

Ó ń ha ìpẹ́ ẹja lọ́wọ́, ó gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹja mi ni kí n jẹ́ kó rà nítorí ewé? Àpò tí ẹ fi kọ́ ibẹ̀, ta ló fún yín?"

Ọ̀rọ̀ di ariwo. Mo sọ pé kò lójú àánú. Ó sọ pé ìwé tí mo kà ti gun orí mi. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn gbàgà.

Ọjọ́ Àìkú, 24 Dìsẹ́ńbà

Kò sí epo káàkiri Abuja. Ìlà ọkọ̀ gba ojú títì kan. Àwọn tó ń fi jálá ta á lẹ́bàá ọ̀nà ń sọ iye tó wù wọ́n. A ò lè lọ sílé fún Kérésì. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá, ó wọ yàrá, ó bọ́ aṣọ òkè tó ti wọ̀, ó tún jáde wá jókòó. Jẹnẹrétọ̀ Àlímátù dákẹ́ látàná, ewé kòkó sì dúró dáadáa. Ta ló jàre?

Ọjọ́ Ajé, 1 Jánúárì 2018

Ewé tuntun yọ! Pupa rẹ́súrẹ́sú, ó rọ̀ bí etí ọmọ ehoro. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé fún ọlidé, ewé kan ò rọ. Mo fa Bàbá lọ́wọ́ lọ wò ó. Mo rò pé yóò yọ̀.

Ó ní, "Ó ń yọ lóòótọ́." Ó wá wọlé lọ dùbúlẹ̀, láàárọ̀ kùtùkùtù.

Bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Màá mú un lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́bọ̀, 4 Jánúárì

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lónìí ewé tuntun náà ti gbẹ, àwọn yòókù sorí kọ́. Epo ò tíì sí, jẹnẹrétọ̀ Àlímátù ò tíì dún. A jẹ́ pé kì í ṣe òun. Mo bú ọmọ ọlọ́mọ lásán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Jánúárì

Mo lọ bẹ Àlímátù. Ó jẹ́ kí n dúró fún ìgbà díẹ̀ kó tó ní kí n jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí."

"Ó yẹ kó dùn ọ́. Má bínú. Igi yìí ti fẹ́ sọ mí di ẹlòmíì ni."

Ó bu omi fún mi. Ó ní, "Bàbá ńkọ́? Gbogbo ìgbà tí mo bá kí wọn lórí ògiri, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń bi mí: ṣé ọ̀nà Kàbà dára, ṣé mọ́tò ń lọ déédéé?"

Mo ní àgbà ló ń dé, kó máa dá wọn lóhùn. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó fún mi ní ẹja tútù méjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Jánúárì

Omi ẹ̀rọ ò yọ. Mai ruwa tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi kiri kò wọ àdúgbò wa, mo fẹsẹ̀ rìn lọ wá a. "Sànnu, Hajia," ló kí mi, ó wá sọ iye tó lé ní ìlọ́po ti tẹ́lẹ̀. Mo san án. Mo gbé omi náà fún igi kí n tó wẹ̀. Ní ọ́fíìsì, ọ̀gá mi bi mí bóyá ara mi yá. Mo ní ọyẹ́ ni.

Mo ti gbìyànjú gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo gé àwọn ewé ńlá sí ààbọ̀, kí ibi tí omi ń gbà jáde lè dín. Mo kó koríko gbígbẹ sí ìdí wọn. Ní ọjọ́ Àìkú wọ́n á dúró, ní ọjọ́ Ajé wọ́n á rọ. Àfi bíi pé wọ́n mọ ọjọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Jánúárì

Iná lọ ní ọ́fíìsì, jẹnẹrétọ̀ wọn náà bàjẹ́, wọ́n ní kí a máa lọ sílé lọ́sàn-án. Mo wọ ẹnu ọ̀nà ìdáná, mo sì dúró síbẹ̀.

Bàbá ti tú nẹ́ẹ̀tì kúrò lórí òpó, ó ká a bí ẹní, ó gbé e ti ògiri. Ó ti kó àwọn àpò tútù sílẹ̀. Oòrùn ọ̀sán àti atẹ́gùn ọyẹ́ ń jó kòkó márààrún. Òun náà jókòó sínú oòrùn yẹn, kò dé fìlà, ó kọjú sí wọn.

Ó dìde, ó fi ọwọ́ gbé ewé kan tó ti sorí kọ́, ó ní, "Ẹ má bínú. Ẹ má bínú sí mi." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta nẹ́ẹ̀tì náà padà. Ìgbà tó yíjú ló rí mi.

"Fẹ̀yìntọlá. O tètè dé."

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

Ó gbé igun nẹ́ẹ̀tì kan lé òpó.

"Ṣé ojoojúmọ́ lẹ̀ ń ṣe báyìí?"

"Ọjọ́ tí o bá lọ síbi iṣẹ́."

"Mo ti bá Àlímátù jà! Mò ń ru omi, mo sọ ara mi di ẹni yẹ̀yẹ́. Ẹ sì ń wò mí!"

"Mò ń wò ọ́."

"Kí ni mo ṣe fún yín, Bàbá?"

Ó jókòó. "O ò ṣe nǹkan kan. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ká ní o ń fi ìyà jẹ mí ni, ǹ bá ti di ẹrù mi. O fún mi ní yàrá, o ń ra oògùn, ọkọ rẹ ń dọ̀bálẹ̀ kí mi láràárọ̀. Kí ni màá ní ó lé mi? Mo ní kí kòkó bá mi sọ ọ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ tún ń ta nẹ́ẹ̀tì padà?"

"Mi ò fi ọwọ́ ara mi pa kòkó rí, Àjọkẹ́. Bí mo bá ṣí i, màá ní kó kú lónìí, kó parí. Bí ewé bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ara mi ò ní gbà á mọ́."

Oríkì mi ló pè. Láti ìgbà tí Màmá ti kú, n ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Mo ní, "Kí ló wà ní Ìṣẹ̀ tí kò sí níbí?"

"Bí mo bá jáde nílé níbẹ̀, ẹni tí mo bá pàdé á bi mí pé níbo ni mò ń lọ."

Mo bá a di okùn nẹ́ẹ̀tì, ó mú igun kan, èmi mú igun kejì. Mo wá wọ yàrá mi lọ, mo sì fi ìrọ̀rí bo ojú.

Ọjọ́rú, 24 Jánúárì

Inú ṣì ń bí mi. Mo se ọbẹ̀, mo gbé e fún un, mi ò bá a jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Jánúárì

Ìpàdé lórí fóònù. Paul ló ń pariwo jù. "Ẹni tó purọ́ fún wa láti Nọ̀fẹ́ńbà la fẹ́ gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu? Bó bá tún ṣubú ńkọ́?"

Ọkọ mi ní, "Ó lè ṣubú ní Kado náà."

"Ṣùgbọ́n ní Kado, ẹ wà níbẹ̀."

"Lọ́sàn-án, a ò sí níbẹ̀," ni mo sọ. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rò ó. Láti aago méje òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ni Bàbá ní nínú ilé yìí ju tẹlifíṣọ̀n àti àga rọ́bà lọ? A mú un kúrò níbi tó dá wà, a wá gbé e síbi tó tún dá wà sí.

Ariwo pọ̀. Nígbẹ̀yìn, a fẹnu kò. Abíọ́nà, opó kan tó jẹ́ ọmọ àbúrò Bàbá, yóò kó wá sí yàrá iwájú nílé Ìṣẹ̀. Bàbá ò gbọdọ̀ dá lọ sóko. Nọ́ọ̀sì ilé ìlera ìlú yóò máa wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Paul ní òun gbà, ṣùgbọ́n òun ò fọwọ́ sí i. Mi ò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Mo lọ sọ fún Bàbá. Ó mi orí, ó ní, "Ẹ ṣeun." Èmi ló ń kí ní "ẹ".

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Fẹ́búárì

A dé Ìṣẹ̀ lálẹ́. Lọ́kọ́ja, Kàbà, Òmùò, ihò ń bẹ lójú ọ̀nà bí abẹ́ ewé. Láti Òmùò ni Bàbá ti ń júwe ilé onílé fún ọkọ mi, tí kò béèrè. Mo bi í bóyá ká gbé àwọn kòkó náà wá nígbà míì. Ó ní, "Fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ti jìyà tó."

Kí a tó já ẹrù sílẹ̀, èèyàn ti kún ìta. Mi ò rí ibi jókòó sí nínú ilé bàbá mi.

Ọjọ́ Ajé, 26 Fẹ́búárì

Kòkó márààrún ń yọ ewé. Àwọn tí mo bẹ̀ bẹ̀ bẹ̀ tí wọn ò gbọ́! Kí ni èmi fẹ́ fi kòkó ṣe ní Kado? Mo ṣì ń fún wọn lómi.

Ẹ̀yìnkùlé dákẹ́ jù. Ní òwúrọ̀, mo se tíì ife kan lé, ife Bàbá. Mo dà á nù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Máàṣì

Mo pe Bàbá lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Mo pe Abíọ́nà, òun náà ò gbé e. Mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Mo ti ń rí i nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lóko, mo ti ń gbọ́ ohùn Paul tó ń ní, "Ṣé mo sọ ọ́?" Ọkọ mi dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní kí n tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó gbé e. Ariwo ọ̀pọ̀ èèyàn wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín kíkankíkan.

"Bàbá! Mo ti ń pè yín láti àárọ̀!"

"Àjọkẹ́, a wà níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà ilẹ̀ kan. Èmi ni wọ́n ní kí n dájọ́."

"Ṣé ẹ ti lo oògùn?"

"Mo ti lò ó."

"Ṣé ẹ jẹun? Ṣé Abíọ́nà..."

"Màá pè ọ́ padà," ni Bàbá wí. "Wọ́n ń dúró dè mí."

Ó sì pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu.